Ohùn Adelaide Hall àti Dùùrù Fẹlá Ṣówándé: Ojú-ìwé Kan nínú Ìtàn Orin Ẹ̀gbá

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn ni iṣẹ́ òpìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pọ̀. Ibi tí ojú wa ti mọ́ nìkan ni a sì sábà máa ń wò. Ibi tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ojú ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìgbafẹ́ alẹ́ kan ni, ní àdúgbò Mayfair ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní kété kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Nínú ilé náà ni obìnrin olórin kan láti Brooklyn ti ń kọrin, tí ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá sì ń tẹ dùùrù fún un. Adelaide Hall ni obìnrin náà. Fẹlá Ṣówándé ni ọkùnrin náà.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, bí a bá ń sọ ìtàn Ṣówándé, ṣọ́ọ̀ṣì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga ni a sì fi ń parí rẹ̀. A ó sọ ti ìwé ẹ̀rí rẹ̀, a ó sọ ti orin olóhùn púpọ̀ tí ó kọ sílẹ̀, a ó sì fo àwọn òru Mayfair bí ẹni tí ń fo ọ̀gọ̀dọ̀. Àwọn tí ń sọ ìtàn Adelaide Hall náà ń fò. Wọn a dárúkọ Ṣówándé lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ dùùrù, wọn a sì kọjá lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ìtàn kan ṣoṣo ni a gé sí méjì yìí, àti pé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbafẹ́ náà gan-an ni a ti gé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ṣówándé tán, ó di dandan kí ó mọ obìnrin tí ó bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà láàrin Abẹ́òkúta àti Amẹ́ríkà

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ohun tí ó já lu ni láti ojú ọ̀run, ẹ jẹ́ kí a rántí pé kì í ṣe Mayfair ni Ẹ̀gbá ti kọ́kọ́ pàdé aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, tí àwọn tí ó kù sì tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a ti tà sókè òkun. Àwọn kan nínú wọn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú agbami, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Kí ọdún 1840 tó pé ni àwọn Sàró wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá fìdí ìjọ kalẹ̀ níbẹ̀. Ìwé dé, orin ìsìn dé, dùùrù náà sì tẹ̀lé e.

Ní ọdún 1859 ni àwọn àlejò mìíràn dé: Martin Delany, oníṣègùn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, olùkọ́ tí a bí ní Jàmáíkà ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia. Àwọn méjèèjì ń wá ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọn lè padà sí, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà òyìnbó. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn àti Aláké Okùkẹ́nù pẹ̀lú àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó ṣófo, kí wọ́n sì mú ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá. Àdéhùn náà kò so èso. Townsend àti àwọn míṣọ́nnárì kan takò ó. Ní ọdún 1861 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Delany sì padà di ọ̀gágun nínú rẹ̀. Campbell nìkan ni ó padà wá sí Èkó, tí ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní ọdún 1863.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ohun tí ilẹ̀ kò gbà láyè, orin gbà á láyè ní ìgbà tí ó yá. Èmi kò wá síbí láti sọ Adelaide Hall di ọmọ Ẹ̀gbá. Ọmọ Brooklyn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Delany àti àwọn ìjòyè wa fẹ́ ṣe lórí ìwé, pé kí àwọn tí a tà àti àwọn tí ó kù sílé tún jókòó ṣiṣẹ́ pọ̀, ni àwọn méjì yìí ṣe nídìí orin, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ Adelaide Hall

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1901 ni a bí Adelaide Hall ní Brooklyn, ní ìlú New York. Olùkọ́ orin ni William Hall, bàbá rẹ̀, òun ni ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ní orin. Bàbá kú, Evelyn, arábìnrin rẹ̀, náà kú ní ọdún 1920. Ọwọ́ Adelaide, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ni ìtọ́jú ìyá bọ́ sí. Ẹ̀bùn tí bàbá fi sílẹ̀ fún un kò ju ohùn lọ, ohùn náà ni ó sì fi ń wá oúnjẹ.

Ní ọdún 1921 ó bọ́ sórí ìtàgé Broadway gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn elégbè eré Shuffle Along, eré tí Noble Sissle àti Eubie Blake ṣe orin rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni ó kọ ọ́, aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe é, àwọn òyìnbó sì dà gììrì wá wò ó. Ní ọdún 1923 ó ti di ẹni tí ń dá orin nínú eré Runnin' Wild. Ní ọdún 1925 ó bá ẹgbẹ́ Chocolate Kiddies rìn lọ sí ilẹ̀ Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù. Láàrin ìgbà náà ni ó fẹ́ Bert Hicks, ọmọ Trinidad tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, ẹni tí ó wá di alákòóso iṣẹ́ rẹ̀.

Ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀

Ohun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi gbogbo ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1927. Òun àti ẹgbẹ́ onílù Duke Ellington jọ wà nínú ìrìn àjò eré kan. Bí Ellington ti ń lu orin tuntun rẹ̀ lójú agbo, Adelaide dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń fi ohùn kùn tẹ̀lé e. Kì í ṣe ohun tí àwọn onífèrè ń fọn ni ó ń kọ; ohùn tirẹ̀ ni ó dá, tí ó sì fi há àárín tiwọn. Ellington gbọ́ ọ, ó ní kí ó tún un ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n gbà á sínú àwo. Creole Love Call ni orúkọ orin náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn obìnrin náà di ohun èlò orin láàrin àwọn fèrè.

Àwọn òyìnbó tí ń kọ ìwé lórí orin jáàsì ka èyí sí ohun tuntun, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ lílé àti ègbè nílẹ̀ wa, tí ó mọ̀ pé ègbè gidi a máa fi tirẹ̀ kún ohun tí ó gbà lẹ́nu ẹni tí ń lé, yóò rí i pé ohun tí Adelaide ṣe lọ́jọ́ náà ní ìtumọ̀. Wọ́n fi í sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó sọ̀rọ̀. Ó rí àyè nínú orin ẹlòmíràn, ó wọ inú rẹ̀, orin náà kò sì lè pé mọ́ láìsí i.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1927 ni Florence Mills kú, obìnrin tí ó lókìkí jùlọ lórí ìtàgé àwọn aláwọ̀ dúdú. Lew Leslie, tí ó ti ń múra eré sílẹ̀ fún un, ní láti wá ẹni tí yóò dípò rẹ̀. Adelaide Hall ni ó mú. Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1928 ni eré náà, Blackbirds of 1928, bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, ìgbà 518 ni wọ́n sì ṣe é. Ní ọdún 1929 wọ́n gbé e lọ sí Moulin Rouge ní Paris. Ìtàn kan tí a máa ń sọ nípa eré yìí ni pé ìyá Adelaide wá wòran ní ọjọ́ kan, ijó tí ọmọ rẹ̀ ń jó kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gun orí ìtàgé lọ láti dá a dúró. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín púpọ̀ sí i. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Brooklyn bí ó ti rí ní Abẹ́òkúta, ilé tí ó mọ Bíbélì kì í fẹ́ kí ọmọ òun obìnrin di eléré.

Ilé tí kò gbà á

Ní ọdún 1932, lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn tí ó mú owó wá, Adelaide àti ọkọ rẹ̀ ra ilé sí Larchmont, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí New York, níbi tí àwọn òyìnbó ọlọ́rọ̀ ń gbé. Àwọn aládùúgbò dìde sí i. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe kí ó lè kó jáde. Ó fèsì nínú ìwé ìròyìn pé ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, òun sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbi tí ó bá wu òun. Ẹ wo bí ayé ti rí. Àwọn tí ń san owó láti gbọ́ ohùn rẹ̀ lálẹ́ kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ láàárọ̀. Ní ọdún 1934 ó jẹ́ òléwájú nínú eré Cotton Club ní Harlem, níbi tí ó ti kọ́kọ́ kọ Ill Wind, orin Harold Arlen. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo òṣèré ibẹ̀. Òfin ilé náà ni pé òyìnbó ni yóò jókòó wòran.

A kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wa ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi kúrò nílùú. Ní nǹkan bí àárín ọdún 1930 sí 1940 ni òun àti Bert Hicks kọjá sí Paris, wọ́n sì ṣí ilé ìgbafẹ́ kan níbẹ̀ ní àdúgbò Montmartre. Ní ọdún 1938 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kópa nínú eré The Sun Never Sets ní gbọ̀ngàn Drury Lane. Inú àwọn ìtàn Edgar Wallace nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ti fa eré náà yọ, orúkọ rẹ̀ sì tọ́ka sí ìgbéraga àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé oòrùn kì í wọ̀ lórí ilẹ̀ ọba wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé lórí ìtàgé ni ó ti kọ́kọ́ bá Áfíríkà pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, Áfíríkà tí òyìnbó fi ìkọ̀wé dá. Áfíríkà tòótọ́ wà nítòsí, ó ń dúró dè é nídìí dùùrù.

Ọmọ Ẹ̀gbá nídìí dùùrù

Ọdún 1905 ni a bí Fẹlá Ṣówándé. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Emmanuel Ṣówándé, bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó mú kí orin ìjọ gbèrú nílẹ̀ Yorùbá. Ó wá láti inú ìran kan náà tí ó fún wa ní Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá tí ó ń fi orin wàásù, ẹni tí ó gba orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ọdún mẹ́jọ kí ó tó kú. Nítorí náà, ní ti orin àti dùùrù, Fẹlá kò bá a lọ́jà. Inú ilé ni ó ti bá a. Ní Èkó ni ó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Kristi, lábẹ́ T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó sì kọ́ dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Orin Duke Ellington ti gba ojú òfuurufú àti inú àwo dé Èkó, Ṣówándé sì ti ń lu orin ijó pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ kí ó tó rékọjá òkun. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàrin ọdún 1930 sí 1940, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Orin jáàsì ni ó fi ń wá owó oúnjẹ, orin náà ni ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹnjinníà pátápátá. Ní ọdún 1936 ó tẹ píánò gẹ́gẹ́ bí òléwájú nínú Rhapsody in Blue ti George Gershwin, ó sì ṣiṣẹ́ nínú Blackbirds of 1936, ọ̀kan nínú àwọn eré tí Lew Leslie gbé wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rántí pé irú eré yìí kan náà, láti ọwọ́ ọkùnrin yìí kan náà, ni ó sọ Adelaide Hall di ìràwọ̀ ní ọdún 1928. Wọn kò tíì mọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹun nínú àwo kan náà.

Àwọn òru Mayfair

Ilé ìgbafẹ́ tí Bert Hicks ṣí ní Mayfair ni a ń pè ní Florida. Níbẹ̀ ni Adelaide Hall ti ń kọrin, Fẹlá Ṣówándé sì ni onídùùrù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Decca gba orin tí àwọn méjèèjì jọ ṣe sínú àwo. Orúkọ wọn wà lórí ojú àwo kan náà: ti ọmọ Brooklyn gẹ́gẹ́ bí olórin, ti ọmọ Ẹ̀gbá gẹ́gẹ́ bí onídùùrù.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, ohun tí èyí jẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí ń tẹ dùùrù fún olórin kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Òun ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí olórin yóò ti mí, ibi tí yóò ti fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tí yóò ti dákẹ́ kí àwọn olùgbọ́ lè gbọ́ ìdákẹ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnì kejì ju bí ó ti ń gbọ́ ara rẹ̀ lọ. Ọmọ àlùfáà tí ó ti kọ́ bí a ti ń gbé orin ìjọ ní Kàtídírà Èkó wá ń fi ọgbọ́n kan náà gbé orin tí àwọn ọmọ ẹrú dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Obìnrin tí ó ti bá Ellington ṣiṣẹ́, tí ó ti bá Art Tatum gba orin sínú àwo ní ọdún 1932, tí ó sì ti bá Fats Waller ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1938, kì í ṣe ẹni tí yóò gba ẹnikẹ́ni sídìí dùùrù nítorí àánú. Bí ó bá gba Ṣówándé, ó gbà á nítorí pé ó mọ iṣẹ́.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà tún ní ohun mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, wà níbẹ̀. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925. Paul Robeson, eléré àti olórin láti Amẹ́ríkà, sún mọ́ ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1935 Robeson ṣe sinimá Sanders of the River, tí òun náà ti inú ìtàn Edgar Wallace jáde, ó sì padà kábàámọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwòrán tí òyìnbó ń ya nípa Áfíríkà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún àwọn ènìyàn yìí. Ilé ìgbafẹ́ Florida náà ní tirẹ̀ láti sọ. Aláwọ̀ dúdú ni ó ni ín, aláwọ̀ dúdú ni ó ń kọrin níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni ó wà nídìí dùùrù. Kò sí òyìnbó kan tí ó kọ eré fún wọn pé báyìí ni kí ẹ ṣe ìṣe Áfíríkà.

Ogun dé. Adelaide Hall kò sá padà sí Amẹ́ríkà. Ó kọrin fún àwọn ọmọ ogun, ó kọrin fún àwọn ará ìlú nígbà tí bọ́ǹbù ń já lóde, ó sì hàn nínú sinimá The Thief of Bagdad ní ọdún 1940, níbi tí ó ti kọ orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún fún ọmọ ọba obìnrin. Bọ́ǹbù ba ilé Florida jẹ́. Àwọn òru tí a ń sọ yìí kò ju díẹ̀ lọ, ilé tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀ sì wó. Àwo orin ni ó ṣẹ́kù.

Ohun tí Ṣówándé gbé jáde

Ní ọdún 1943 Ṣówándé gba ìwé ẹ̀rí gíga jùlọ tí Royal College of Organists ń fún onídùùrù, pẹ̀lú àwọn ẹ̀bùn ìdíje. Ní ọdún 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Láti ọdún 1945 títí di 1952 òun ni onídùùrù àti olùdarí akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibí yìí ni àwọn òpìtàn wa ti máa ń gbé ohùn sókè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: kí ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà ró kí ìwé ẹ̀rí tó dé? Iṣẹ́ alẹ́ ni. Owó tí a rí nínú orin ijó ni ó bọ́ ẹni tí ó wá di ọ̀gá nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni bá jẹ dídùn oyin kì í gbàgbé inú ìhò tí a ti fa afárá yọ.

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Lára iṣẹ́ tí Ṣówándé kọ sílẹ̀ fún dùùrù ni Oyígíyigì, Ọbáńgíjì àti àwọn mìíràn tí ó ti inú ohùn Yorùbá jáde. Ṣùgbọ́n ó tún kọ Go Down Moses fún dùùrù, ó sì to àwọn orin ìsìn tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún akọrin olóhùn púpọ̀. Orin Yorùbá àti orin àwọn ọmọ ẹrú jókòó pọ̀ nínú àpò ìwé ọkùnrin kan ṣoṣo. Èmi kò sọ pé Adelaide Hall ni ó fi èyí kọ́ ọ. Orin ìsìn kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ti gbé ohùn irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ró lóru lẹ́yìn òru kò lè ka orin àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ohun àjèjì. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan án.

Ìdí tí a fi gé ìtàn náà

Èé ṣe tí a fi fo Mayfair? Mo rí ìdí méjì. Èkíní ni ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ eré. Alágbe ni a ń pe ẹni tí ń fi orin jẹun, ọ̀rọ̀ náà sì ti gbé ìtìjú lé e lórí kí ó tó la ẹnu. Àlùfáà tí ń kọrin kì í ṣe alágbe lójú wa. Obìnrin tí ń kọrin nílé ọtí ni alágbe. Èkejì ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ń tọ́jú ìwé. Ó ń kọ orúkọ onídùùrù àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé ìgbafẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òpìtàn tí ó bá tẹ̀lé ìwé nìkan yóò kàn gba ibi tí àwọn alágbára ti pa ìwé mọ́ sí.

Àwa ọmọ Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Ní ọdún 1947, nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí owó orí lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, orin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí ààfin. Orin náà wà lára ohun tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní alágbe. A mọ̀ pé ohùn obìnrin ní ìta gbangba lè yí ìlú padà. A kàn ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìtàn orin.

Nǹkan náà sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 1969, Fẹlá mìíràn, ọmọ-ọmọ J. J. Ransome-Kuti, pàdé Sandra Smith, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, ní Los Angeles. Olórin ni obìnrin náà, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Òun ni ó fún un ní ìwé Malcolm X kà, Fẹlá fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé obìnrin náà ni ó la òun lójú. Ní ọdún 1976 ohùn obìnrin náà ni a gbọ́ nínú àwo Upside Down. Orúkọ Sandra wà nínú ìtàn, nítorí pé Fẹlá kejì kò tijú láti dá a. Fẹlá kìíní náà ní ẹni tirẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ìtàn rẹ̀ ni ojú ń tì.

Ìparí

Ní ọdún 1953 Ṣówándé padà wá sílé láti máa darí orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira ọdún 1960. Ó kọ ìwé lórí Ifá. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard àti ti Pittsburgh, ó sì kú ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1987. Adelaide Hall ní tirẹ̀ dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣeré nínú Kiss Me, Kate níbẹ̀ ní ọdún 1951 àti Love from Judy ní ọdún 1952. Ó padà sí Broadway ní ọdún 1957 fún eré Jamaica pẹ̀lú Lena Horne. Bert Hicks kú ní ọdún 1963. Òun kò dákẹ́. Ní ọdún 1988, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún, ó kọrin ní gbọ̀ngàn Carnegie ní New York. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1993 ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé e padà lọ sin ní Brooklyn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ rí i bí ọ̀nà wọn ti kọjá ara wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá parí ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ tí obìnrin náà fi sílẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà lo ayé rẹ̀ ní ìlú tí ọkùnrin náà ti kọ́ iṣẹ́. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni mo mú yín lọ lónìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin, nígbà tí ẹ bá fi African Suite hàn wọ́n, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àwo Decca náà pẹ̀lú. Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kí ẹ má ṣe gbàgbé ẹni tí kò ní akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ irú wọn ṣì wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí: àwọn obìnrin elégbè nínú ẹgbẹ́ sákárà àti àpàlà, tí a mọ ohùn wọn nínú àwo láìmọ orúkọ wọn. Àwọn kan nínú wọn ṣì lè fẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn, bí ẹnì kan bá tètè lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.